Táànì oòrùn àbí táànì ìpara: kí ni àwọ̀ inú fótò lè sọ fún wa?

Ẹnìkan gbé fótò méjì síta, ti oṣù tó kọjá àti ti òní. Nínú ti òní, ojú àti apá ẹni tó wà níbẹ̀ ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pẹ́ rárá tí ẹlòmíràn fi gbé fótò náà sínú áàpù tó ń ka àwọ̀. Ó tẹ ìka sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nọ́ńbà mẹ́ta jáde, ó sì kéde pé ìpara ló wà lára onítọ̀hún, kì í ṣe oòrùn. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní irọ́ ni, àríyànjiyàn sì gbòde.

Irú èyí ti di lemọ́lemọ́ látìgbà tí áàpù tó ń ka àwọ̀ ti wọnú fóònù tọmọdé tàgbà. Ohun tó sì mú un ṣòro láti tú ni pé ìmọ̀ gidi wà nídìí rẹ̀. Àwọn dókítà awọ ara, àwọn tó ń ṣe ìpara àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń fi nọ́ńbà wọn àwọ̀ ara ọjọ́ ti pẹ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá ìwádìí jìnnà sí kéèyàn tẹ ìka sórí fótò.

Kí ni táànì gan-an, oríṣi mélòó ló sì wà?

Táànì ni kí awọ ara ṣú ju bó ṣe wà lọ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni táànì oòrùn. Oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Méjì nínú oríṣi rẹ̀ ló ń bá awọ wa: UVA, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) 315 sí 400, àti UVB, láti 280 sí 315. UVA máa ń mú kí mẹ́lánìn, èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣú lójú ẹsẹ̀. UVB ní tirẹ̀ máa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mẹ́lánìn tuntun láti fi gbèjà ara rẹ̀. Mẹ́lánìn tuntun yìí kì í hàn lọ́jọ́ tí oòrùn pa èèyàn. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ìpele òde awọ ni ara ti ń ṣe é, bí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá sì ṣe ń gòkè ló ń bá wọn gòkè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lára kó tó ṣí.

Èkejì ni táànì ìpara. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni dihydroxyacetone, tí gbogbo èèyàn ń pè ní DHA. Ṣúgà ni, kò sì ní àwọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi pa ara tàbí tí wọ́n bá fín in sí ara, á dà pọ̀ mọ́ àwọn amino acid (àwọn èròjà tí purotéènì fi ń di odidi) inú òkú sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá, àwọ̀ rúsúrúsú á sì yọ. Ohun kan náà ló ń mú kí ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n nínú ààrò, èyí tí Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ṣàlàyé ní 1912. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Nítorí pé òkú sẹ́ẹ̀lì ló gbà á, bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ṣe ń bọ́ ni táànì náà ń bá wọn lọ, kì í sì sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣèèṣì rí i. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, Eva Wittgenstein ní Yunifásítì Cincinnati, Amẹ́ríkà, ń fún àwọn ọmọdé tó ní àìsàn kan tó jẹ mọ́ bí ara ṣe ń tọ́jú ṣúgà ní DHA mu. Ó ṣàkíyèsí pé níbi tí oògùn náà bá kán sí lára àwọn ọmọ náà, àwọ̀ rúsúrúsú máa ń yọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó kán sí kò yí padà. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Coppertone gbé ìpara táànì jáde fún títà.

Oríṣi méjì tó kù ni ibùsùn oníná, tó ń fi UVA àti UVB lu ara bí oòrùn ṣe ń ṣe, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Melanotan II, tó ń ti ara láti máa ṣe mẹ́lánìn. Àwọn aláṣẹ oògùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti kìlọ̀ fún aráàlú nípa abẹ́rẹ́ yẹn, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí wọ́n máa padà wá da ìṣirò rú.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka àwọ̀ ara?

Kámẹ́rà fóònù máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta pamọ́ fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fótò: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn wúlò fún gíláàsì fóònù, àmọ́ wọn kò bá bí ojú èèyàn ṣe ń mọ ìyàtọ̀ mu. Nítorí náà, àwọn tó ń wọn awọ máa ń yí wọn padà sí ìlànà tí àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, CIE, gbé kalẹ̀ ní 1976, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CIELAB.

Nọ́ńbà mẹ́ta náà ni CIELAB ní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. L* ń sọ bí nǹkan ṣe funfun tàbí ṣe dúdú tó, láti 0 dé 100. a* ń sọ bóyá ó fì sí pupa tàbí sí àwọ̀ ewé. b* ń sọ bóyá ó fì sí ìyeyè tàbí sí àwọ̀ aró. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí èdè wa lè ṣì wá lọ́nà. Lédè Yorùbá, èèyàn tí ara rẹ̀ mọ́, epo, ọsàn àti ẹ̀jẹ̀, "pupa" là ń pè gbogbo wọn. CIELAB ya pupa yẹn sí méjì: pupa tó jọ ti ẹ̀jẹ̀ wà lórí a*, pupa tó fì sí ìyeyè sì wà lórí b*. Àárín méjèèjì gan-an ni ẹjọ́ táànì wà.

Àwọn oníṣẹ́ awọ tún máa ń fi L* àti b* ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní ITA. Wọ́n á yọ 50 kúrò nínú L*, wọ́n á fi b* pín in, wọ́n á sì wá igun tó bá èyí tó kù mu. Igun tó bá ju 55 lọ ni awọ tó funfun jù. 28 sí 41 jẹ́ àárín. 10 sí 28 ni wọ́n ń pè ní awọ tó gba táànì. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ òdì 30 ni awọ tó dúdú jù.

Ṣé àwọn nọ́ńbà yìí lè ya ti oòrùn sọ́tọ̀ sí ti ìpara?

Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Mẹ́lánìn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi mì, tó fi mọ́ pupa díẹ̀, nítorí náà bí ara ṣe ń ṣú ni L* ń lọ sílẹ̀. Oòrùn tún máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí abẹ́ awọ, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a* á sì gòkè. Bí èèyàn bá fi àwọ̀ ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sójú àwòrán L* àti b*, wọ́n máa ń tò sórí ọ̀nà kan tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Awọ tí oòrùn pa sábà máa ń rìn lórí ọ̀nà yẹn.

Ohun tí DHA ń ṣe yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ aró ló ń gbé mì jù, èyí tó ń padà sí ojú wa á sì fì sí ìyeyè. Nítorí náà b* lè ga ju bó ṣe yẹ kó ga fún L* tó wà níbẹ̀. Òun ni àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé "ó pọ́n bí ọsàn," pàápàá nígbà tí ìpara bá pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan wò. Ká ní L* jẹ́ 60, b* sì jẹ́ 15. ITA á jẹ́ nǹkan bíi 34, àárín nìyẹn. Ká fi L* sílẹ̀ bó ṣe wà, ká gbé b* sí 24. ITA á já wá sí nǹkan bíi 23, tí í ṣe awọ tó gba táànì. Ara náà kò ṣú rárá, ìyeyè lásán ló fi kún un. Ẹni tó bá ń wo ITA nìkan á sọ pé oòrùn ti pa á. ITA kò sì ní a* nínú rárá, pupa ẹ̀jẹ̀ kò lè hàn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́.

Àwọn tó ń ṣe ìpara náà kò sì jókòó lásán. Wọ́n máa ń fi àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ elése àlùkò díẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè paná ọsàn yẹn. Wọ́n tún máa ń fi erythrulose, ṣúgà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kún DHA. Bí ìpara bá ṣe ń dára sí i ni b* rẹ̀ ń sún mọ́ ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀.

Kí ló dé tí fótò orí fóònù kò fi tó?

Nítorí pé fóònù kì í wọn awọ. Ìmọ́lẹ̀ tó kọlu awọ tó sì padà ló ń gbà, lẹ́yìn náà ló máa ń tún un ṣe kó lè wu ojú.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ mú. Gílóòbù tó ń mú yàrá rí bí iná àbẹ́là wà ní nǹkan bíi 2700 lórí ìwọ̀n Kelvin, tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan tí wọ́n ń lò fún ìwọ̀n sì wà ní 6500. Awọ kan náà lábẹ́ méjèèjì á ní b* tó jìnnà síra, ó sì lè jìnnà ju ohun tí ìpara DHA fúnra rẹ̀ ń ṣe lọ. Kámẹ́rà máa ń gbìyànjú láti tún èyí ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń méfò ni. Ògiri tó yọ ìyeyè lẹ́yìn èèyàn, ẹ̀wù pupa, koríko tó wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn ló lè tì í sódì. Bí fótò oṣù tó kọjá bá jẹ́ ti ìta, tí ti òní sì jẹ́ ti inú ilé, àfiwé ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí fóònù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ó ń dán ojú, ó ń fi àwọ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń pa òjìji rẹ́, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ya fótò tẹ fílítà kankan. Bí fótò bá sì ti di JPEG, wọ́n sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pamọ́ ṣùgbọ́n tí píksẹ́lì mẹ́rin á máa pín àwọ̀ kan lò, kí fáìlì lè kéré. Ojú èèyàn kì í mọ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ka àwọ̀ gan-an ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó wá wò.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé nọ́ńbà mẹ́ta kéré. Ẹ̀rọ spectrophotometer tí wọ́n ń gbé lé awọ ní yàrá ìwádìí máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti nánómítà 400 dé 700. Bó bá ń wọ̀n ọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló máa gbà. Nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn fi àmì sílẹ̀ ní àyíká 542 àti 577, mẹ́lánìn ní ìrísí tirẹ̀, DHA náà ní tirẹ̀. Kámẹ́rà kó gbogbo ìyẹn jọ sínú ihò mẹ́ta. Ohun méjì tí ìmọ́lẹ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá lè jáde pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta kan náà. Áàpù tó bá gbọ́n jù lọ kò lè dá ohun tó ti sọnù padà.

Nítorí èyí ni àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ yìí ní tòótọ́ fi máa ń gbé káàdì àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ nínú fótò, tí wọ́n ń lo iná kan ṣoṣo tí wọ́n mọ, tí wọ́n sì ń fi gíláàsì polarizer pa dídán awọ rẹ́.

Yàtọ̀ sí àwọ̀, kí ni fótò tún lè fi hàn?

Ibi tí àwọ̀ wà. Lójú tèmi, èyí lágbára ju nọ́ńbà èyíkéyìí tí a lè fà jáde nínú fótò lásán. Oòrùn kì í dé abẹ́ àgbọ̀n, àárín ìka tàbí abẹ́ okùn aṣọ, ó sì máa ń pa èjìká àti imú ju ibòmíràn lọ. Ìpara ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé bí òkú awọ ṣe nípọn tó. Orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ẹsẹ̀ àti oríkèé ìka máa ń gba púpọ̀, wọ́n á sì ṣú ju àyíká wọn lọ. Àtẹ́lẹwọ́, tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa, lè pọ́n bí ọsàn bí ẹni tó pa á kò bá tètè fọ ọwọ́. Bó bá ti ń ṣí lọ, á máa ṣí níbì kan, á sì kù níbòmíràn, nítorí òkú awọ kì í bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ ibi tó ṣú náà ní àwọn tó jọ ọ́. Ẹni tó ń jẹ kárọ́ọ̀tì lájẹjù lè ní àtẹ́lẹwọ́ tó pọ́n rúsúrúsú láìfi ìpara kankan kan ara. Àìsàn Addison máa ń mú kí ara ṣú, títí kan ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ìbà pọ́njú máa ń sọ ara di ìyeyè, àmọ́ ó máa ń sọ ẹyin ojú náà di ìyeyè, èyí tí kárọ́ọ̀tì àti DHA kì í ṣe.

Ẹ sì rántí ibùsùn oníná àti abẹ́rẹ́. Mẹ́lánìn gidi ni méjèèjì ń mú jáde. Kò sí ọ̀nà tí àwọ̀ inú fótò máa fi sọ pé kì í ṣe oòrùn. Nítorí náà, bí áàpù bá sọ pé "àdánidá ni," ohun tó ń sọ gan-an kò ju pé òun kò rí àmì DHA lọ. Ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ewu kò sí: láti 2009 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, ti fi ibùsùn oníná sí ìpele kìíní láàárín àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Awọ dúdú ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ti ń ṣubú. Awọ dúdú náà ń gba táànì, oòrùn ń mú un ṣú sí i. Ṣùgbọ́n mẹ́lánìn tó ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mì, ìyípadà díẹ̀ tí DHA bá mú wá á sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Kámẹ́rà tún máa ń ní àṣìṣe púpọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀.

Ìtàn náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpele awọ tí Thomas Fitzpatrick, dókítà awọ ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1975 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awọ funfun, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ti àwọn awọ tó dúdú kún un, tí gbogbo rẹ̀ di mẹ́fà. Bí awọ ṣe ń hùwà sí oòrùn ló sì ń sọ, kì í ṣe àwọ̀ gan-an. Ní 2018, àwọn olùwádìí kọ̀ǹpútà méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ojú mọ akọ yàtọ̀ sí abo wò. Àṣìṣe lórí àwọn obìnrin tí awọ wọn dúdú dé 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn ọkùnrin tí awọ wọn funfun kò ju 0.8 lọ. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn sí ti táànì, àmọ́ ohun tó fà á lè dé bá èyí náà: àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Ní 2022, Google àti Ellis Monk, ọ̀mọ̀wé ní Harvard, gbé ìpele alápá mẹ́wàá jáde láti fi kún àyè tó ṣófo.

Ta ló nílò ìdáhùn yìí, ta ló sì ń ta kò ó?

Àwọn dókítà nílò rẹ̀. Lésà tí wọ́n fi ń yọ irun máa ń wá àwọ̀ dúdú kó lè sun ún. Bí awọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba táànì, lésà lè jó awọ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìpara lè kó sórí àmì ara tí dókítà ń yẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ. Ohun mìíràn sì ni pé àwọ̀ DHA kì í dáàbò bo ara tó lọ́wọ́ oòrùn. Òfin Amẹ́ríkà béèrè pé kí ìpara táànì tí kò bá ní èròjà ìdènà oòrùn kọ ọ́ sára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì ní DHA wà fún ìta ara nìkan, kò gbọdọ̀ wọ ojú, ètè tàbí ihò imú, èyí tó kan àwọn tó ń fín in gan-an.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan gbà pé bí àwòrán bá pọ̀, ẹ̀rọ lè fi àwọ̀, ibi tó wà àti bí awọ ṣe rí pọ̀ mọ́ra, kó sì dájọ́ ju ojú èèyàn lọ. Àwọn tó ń wọn awọ ń fèsì pé láìsí ìmọ́lẹ̀ tí a mọ̀, ìdánilójú ẹ̀rọ náà kò ní ìpìlẹ̀. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ní tiwọn ń béèrè ẹni tó fún wa láṣẹ láti máa ka awọ ara ẹlòmíràn. Òfin AI ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó wọlé ní 2024, ti fòfin de ẹ̀rọ tó ń fi ara èèyàn sọ ẹ̀yà tó jẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2025. Mímọ̀ bóyá èèyàn fi ìpara pa ara kì í ṣe mímọ ẹ̀yà, àmọ́ nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà.

Bó bá jẹ́ ara tèmi ni mo fẹ́ wò ńkọ́?

Àkókò á ràn yín lọ́wọ́ ju áàpù lọ. Ẹ dúró síbi fèrèsé kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá, kí ẹ sì ya á lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá láìfi fílítà sí i. Ibi kan náà lápá ni kí ẹ máa wò. Àwọ̀ tó jáde láàárín wákàtí mélòó kan, tó ṣí níbì kan tó sì kù níbòmíràn lọ́jọ́ karùn-ún, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ kẹwàá, DHA ló jọ. Èyí tó kọ́kọ́ pọ́n, tó ṣú lọ́jọ́ kẹta, tó sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, mẹ́lánìn ni. Bí ara bá ṣú tàbí tó di ìyeyè láìsí oòrùn, láìsí ìpara, ẹ gbé e lọ bá dókítà.